Ọjọ́ Tí A Wẹ Ìyá Àgbà

Ìyá tó bí bàbá mi gbó, ó sì tọ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ilé wa lẹ́yìn Ọjà-Ọba ló kú sí, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tó kírun àsùbáà tán. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé èmi àti ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni kí a wẹ òun. Mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́ràn mìíràn. Olùkọ́ ni mí. Mi ò fọwọ́ kan òkú rí.

Nígbà tí wọ́n gbé omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wọlé, tí wọ́n fi aṣọ bo ẹnu ọ̀nà, mo kàn di ife omi mú, n kò dà á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wò mí.

“Rọra máa dà á,” ó ní. “Ìyá wa ń lọ rí Ọba. Ó yẹ kó mọ́ tónítóní.”

Apá ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó gbé apá ìyá rẹ̀, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà, bí ẹni pé oorun lásán ni ìyá ń sùn. Ó ní kí n di irun ìyá àgbà ní mẹ́ta. Irun náà rọ̀ bí òwú. Ibi tí mo ti ń dì í ni ẹ̀rù ti fi mí sílẹ̀, n kò mọ ìgbà tó lọ. A fi káfúrà tó ń ta sánsán sí i lára, a sì wé e ní aṣọ funfun.

Àgbàlá ni wọ́n gbẹ́ sàréè rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá àgbà. Mo bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi léèrè ìdí tí a kì í fi gbé tiwa lọ sí ìtẹ́ òkú. Ó ní kí ẹ̀sìn tó dé, inú iyàrá tí àgbà ń gbé ni wọ́n ń sin ín sí, torí wọ́n gbà pé ẹni tó kọ́ ilé kì í kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀sìn dé, wọ́n jáwọ́ nínú aṣọ olówó iyebíye tí wọ́n ń sin mọ́ òkú àti oúnjẹ tí wọ́n ń gbé sójú oórì.

“Wọ́n ń bẹ òkú pé kó ṣọ́ ilé,” ó wí. “Àwa ń bẹ Ọlọ́hun fún òkú. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kí wọ́n jìnnà sí wa náà.”

Àwọn ọkùnrin tẹ́ ẹ sínú ilẹ̀, wọ́n kọjú rẹ̀ sí gábàsì, ibi tí a ń kọjú sí kírun. Bàbá mi bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ó ní ẹni ọmọ sin ló bímọ.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan kú ládùúgbò, wọ́n sì wá pè mí níléèwé kí n wá bá wọn wẹ̀ ẹ́. Mo tọrọ àyè, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ. Títí di òní ni wọ́n ń pè mí, ara mi sì máa ń fúyẹ́ tí mo bá ń padà bọ̀ sílé.