Ìgò Méjìlá Omi Òkun Nínú Ọgbà Alhaja

Aago méjì ọ̀sán ni, oòrùn ń ta gan-an, aládùúgbò mẹ́sàn-án sì yí bàsíà mi ká ní àdúgbò Lotto, ní Mowe. Ìgò méjìlá ló wà nínú bàsíà náà, omi òkun ló kún inú wọn. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Òṣìṣẹ́ láàbù yunifásítì ni mí. Ọ̀gá mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n nípa òkun tí kì í fẹsẹ̀ kan omi àfi tó bá fẹ́ wẹ̀, ń wádìí bí àwọn kòkòrò àìfojúrí etíkun wa ṣe ń sọ afẹ́fẹ́ di oúnjẹ. Nàìtírójìnì ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ewéko òkun kò lè jẹ ẹ́ ní tútù; àwọn kòkòrò yìí ló ń bá wọn sè é. Láti mọ ìwọ̀n tí wọ́n ń sè, a ó fi abẹ́rẹ́ ti nàìtírójìnì kan tó wúwo díẹ̀ ju ti ìta lọ sínú ìgò, a ó dé e pinpin, a ó sì fi sínú omi lábẹ́ oòrùn títí di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá ṣí i kí àsìkò tó pé ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìyanṣẹ́lódì ti ti yunifásítì pa. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí n wá ọgbọ́n dá. Ọgbọ́n tí mo dá ni ọgbà Alhaja, ìyá onílé mi.

"Bàbá Tóbi," Alhaja ní, "kí lo ń gún sínú omi yẹn?"

"Afẹ́fẹ́ ni, mà."

Ó wo àwọn yòókù. "Ó ń gún omi òkun lábẹ́rẹ́ afẹ́fẹ́."

Pásítọ̀ Gbénga, alájọgbé wa, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè fọ̀. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe àṣìṣe àwọn tó kàwé: mo ṣàlàyé.

"Kò sí oògùn níbẹ̀. Ẹ̀dá alààyè ló wà nínú ẹ̀, àìmọye, ẹ kàn ò lè rí wọn ni."

"Ẹ̀mí èèyàn!" ẹnì kan ké. "Mo sọ fún yín! Yahoo plus ni, oògùn owó!"

Wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ti mú irin dání. Obìnrin kan ń fi fóònù ya fídíò mi.

"Ẹ jẹ́ ká ṣí gbogbo ẹ̀ dà nù," Pásítọ̀ ní.

"Ẹ fara balẹ̀," Alhaja dá a lóhùn. "Ẹni tó bá gbé omi kalẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Kó mu ún lójú wa."

"Omi òkun náà ṣẹ́ kù nínú kẹ́ẹ̀gì tí mo fi gbé e wá, mà. Ẹ jẹ́ kí n mu ìyẹn."

"Rárá o. Èyí tó o ti gún lábẹ́rẹ́. Èmi ni màá sì yàn án."

Mẹ́ta mẹ́ta ni mo tò wọ́n, ìdánwò kan náà ni mẹ́ta kọ̀ọ̀kan wà fún. Bí ọ̀kan bá lọ, méjì á ṣì jẹ́rìí. Bí wọ́n bá ṣí gbogbo ẹ̀, mo ti rin ìrìn àjò òkun lásán, iṣẹ́ mi náà sì lè lọ.

"Mo gbà, mà. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá kú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan mọ́kànlá yòókù títí di ọ̀la."

"Tó o bá wá kú ńkọ́?" wẹ́dà bèèrè.

"Ẹ pe Ọ̀jọ̀gbọ́n."

Ìka Alhaja rìn lórí àwọn ìgò náà, ó dúró lórí ìkeje. Mo ṣí i, mo gbé e dà sọ́fun. Iyọ̀ ni. Wọ́n tẹjú mọ́ mi bíi pé ìwo fẹ́ hù lórí mi. Mo gùnfẹ̀, Pásítọ̀ fò sẹ́yìn.

N ò kú. Alhaja fa àga, ó jókòó ti bàsíà náà. "Ó ti mu ún. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án báyìí, èmi ló fọwọ́ kàn." Ìrun nìkan ló ń gbé e dìde. Èmi náà ò jókòó pẹ́ níbì kan. Ilé ìyàgbẹ́ ni mo ń sáré lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àsìkò pé. Mo sẹ́ omi náà láti kó àwọn kòkòrò inú ẹ̀; bí mo ṣe parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí lórí fóònù.

"Mélòó lo rí mú jáde?"

"Mọ́kànlá, sà."

"Ìkejìlá ńkọ́?"

"Mo mu ún, sà."

"Kọ ọ́ pé ó fọ́."

Mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi. Níwájú ìgò keje, mo kọ ọ́ pé: "Òṣìṣẹ́ láàbù mu ún lójú ẹlẹ́rìí mẹ́sàn-án." Mo ka á fún Alhaja. Ó gba bírò, ó sì fọwọ́ sí i.