Ẹsẹ̀ Adìyẹ Olúwa

Nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó adìyẹ kan báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra adìyẹ nínú fírísà, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Adìyẹ tí mò ń wí yìí kì í tilẹ̀ ṣe tèmi, ti Ọlọ́run ni.

Bàbá mi ni tíṣà wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Tí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òròmọdìyẹ kan, kó máa tọ́jú ẹ̀ títí di ọjọ́ ìkórè, kó wá gbé e fún Olúwa. Kí adìyẹ Olúwa má baà dà pọ̀ mọ́ tilé, bàbá mi á fi abẹ gé ṣóńṣó ọmọ ìka kan ní ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ àmì yẹn. Bí ebi fẹ́ pa ọ́ kú, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan adìyẹ tó bá ní in. Bàbá mi á ní, "Ìríjú ni wá. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa kì í ṣe tiwa, a ó sì jíyìn."

Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Mò ń wa ikán fún adìyẹ mi. Mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Sábó, lọ tọrọ ẹ̀ẹ́rí lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń ta fùrá. "Ìyá Adìyẹ" ni ìyá mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí lúkúlúkú, àìsàn tí í pa adìyẹ, wọ àdúgbò, gbogbo adìyẹ bàbá mi ló kú pátá. Tèmi ò kú, nítorí mo dé apẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn ilé ìdáná, n ò jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rìn. Ó dàgbà, ó yé ẹyin, n ò tọ́ ọ̀kan wò níbẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìkórè ku ọ̀la, àlejò dé bá bàbá mi láti Ọ̀yọ́, ẹni ńlá tí yóò wàásù lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi rán mi lọ gbé iṣu wá ní oko wa lọ́nà Ìrẹsà. Ìgbà tí mo fi dé, òórùn ọbẹ̀ ti ń ta sánsán dé ìta. Inú mi dùn, n ò bi ara mi pé níbo ni wọ́n ti rí ẹran. Iwe ti lọ síwájú àlejò. Ẹsẹ̀ ni tọmọdé, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìyá mi gbé abọ́ lé mi lọ́wọ́, wọn ò wojú mi. Mo jẹ ẹsẹ̀ kan tán. Mo mú ìkejì, mo ti gbé e sẹ́nu kí n tó rí i pé ọmọ ìka kan ti gé.

Háà! Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ṣí apẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀. Mo bi gbogbo oúnjẹ yẹn jáde. Bàbá mi tó fọwọ́ ara wọn gé ìka yẹn ń bá àlejò rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Mo wá tu ara mi nínú pé kò burú, ìtìjú àlejò ni, wọ́n á ṣàlàyé fún ìjọ. Ta ni ò mọ̀ pé ayé le nígbà náà?

Lọ́jọ́ kejì, a tò síwájú ìjọ. Adìyẹ ń ké lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ mi, ọwọ́ tèmi ṣófo. Bàbá mi ń bi wá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kàn mí.

"Adìyẹ Olúwa tí a ní kó o máa tọ́jú dà?"

Mo wò wọ́n lójú, mò ń retí kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n tún un bi mí, wọ́n gbóhùn sókè.

"Wọ́n jí i gbé, sà," ni mo wí.

Bàbá mi mirí, wọ́n kọjú sí ìjọ. "Ẹ wo ìríjú aláìṣòótọ́. Ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n n ò ní tìtorí ìyẹn bò ó."

Ìjọ pàtẹ́wọ́ fún wọn pé olóòótọ́ ni wọ́n. Àlejò tó jẹ adìyẹ mi náà pàtẹ́wọ́. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n dójú ti bàbá mi níwájú gbogbo ayé? Mo gbé e mì. Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ mí ní "Aláìṣòótọ́", orúkọ yẹn ò sì kúrò lára mi títí mo fi lọ sílé ọkọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó dùn mí wọ egungun.

Nígbà tí bàbá mi darúgbó, wọ́n pe èmi nìkan nínú gbogbo wa, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ ilé àti ìwé oko lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ni mo lè fọkàn tán."

Mo ní, "Bàbá, ta ló pa adìyẹ Olúwa?"

Wọ́n wá ní, "Mo rò pé ìyá ẹ ti yọ ẹsẹ̀ yẹn kúrò nínú ọbẹ̀ ni."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò ní kí n máà bínú, títí wọ́n fi kú.

Lónìí, inú àpòòwé ni àwọn ọmọ yín ń fi ìkórè sí. Kò sí ọmọ tó ń wa ikán nítorí Ọlọ́run mọ́, ẹlòmíì sì ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ilé bàbá mi wà lọ́wọ́ mi, òrùlé rẹ̀ ò jò, oko wọn ò di igbó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pè mí wá jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹsẹ̀ adìyẹ síwájú mi.