Ẹ Bá Mi Gbàdúrà Kí Jẹjẹrẹ Yè

Ẹni tó bá fẹ́ kí àdúrà òun tètè dókè, kó wá Jọkẹ́ lọ ní Gascoigne nílùú òyìnbó. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe, ohùn jẹ́jẹ́ ló sì fi ń ṣe é. Gbogbo ariwo rẹ̀, ó ń kó o pamọ́ de ìsìn Ọjọ́rú. Bó bá ti bọ́ bàtà, tó wọ sùtánà funfun rẹ̀, àwọn tó múlé ti ilé àdúrà á yáa ti fèrèsé.

Ọ̀tá kan ṣoṣo ló ní láyé, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Òun ló pa Bọ́ládé, ọkọ rẹ̀, ọkùnrin tó máa ń dá fìríìjì gbé gun àtẹ̀gùn. Kó tó kú, ó ti rù kan egungun.

Ẹ wáá wo ojú Jọkẹ́ lọ́jọ́ Sunday tí Dárasími, ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé dókítà ní yunifásítì, dìde nídìí oúnjẹ.

"Mummy, I have to go and feed my cells."

"Sẹ́ẹ̀lì kí ni?"

"Liver cancer."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Èyí tó pa bàbá ẹ lò ń fún lóúnjẹ?"

Dára tún jókòó, ó ṣàlàyé pé inú àwo ní yàrá ìwádìí ni wọ́n wà. Ó ní èròjà kan wà nínú ara tó máa ń kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì, tí á ní kó dàgbà. Bí jẹjẹrẹ bá ti gbọ́ ọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà di ọ̀rá, ọ̀rá yẹn ni á fi kọ́lé, tí ọ̀kan á fi di méjì. Òun ti rí oògùn tó lè dí ilẹ̀kùn náà, òun sì gbọ́dọ̀ dán an wò kí oṣù tó parí.

Etí Jọkẹ́ kò kọjá "fún un lóúnjẹ". Nígbà tó di Ọjọ́rú, ó ní kí ìjọ bá òun gbàdúrà kí gbogbo jẹjẹrẹ ọwọ́ ọmọ òun kú pátápátá. Àmín náà mi òrùlé. Ó tún fi ààwẹ̀ lé e.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Dára wọlé tẹkúntẹkún. Èbu ti wọ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, gbogbo wọn ti kú. Ìwọ̀nba tó fi pamọ́ sínú yìnyín ló kù. Bí ìyẹn ò bá jí, iṣẹ́ ọdún gbọọrọ wọgbó nìyẹn.

"Hàlé..." ni Jọkẹ́ wí, ló bá rí ojú ọmọ rẹ̀. Ó gbé ìyókù mì. Ojú tì í gan-an, torí ó mọ ohun tóun bẹ Ọlọ́run fún.

Lọ́jọ́rú kejì, ó tún dìde. "Ẹ dákun, ẹ bá mi gbàdúrà kí jẹjẹrẹ yè."

Wòlíì Túbọ̀sún bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Dára, ẹ tún un sọ. Bóyá a ò gbọ́ dáadáa."

"Ẹ gbọ́ dáadáa, sà. Kí wọ́n jí, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sanra, kọ́mọ mi lè ráyè rí ohun tí á pa wọ́n. After that, fire!"

Ta ni á kọ́kọ́ ṣe àmín fún jẹjẹrẹ? Kálukú ń wo ẹnìkejì. Nígbà tó pẹ́, Màmá Tiwaladé, àgbà ìjọ, wúkọ́. "Àmín. Àmọ́ kó má kọjá ìparí oṣù o." Àwọn yòókù bá rọra kùn tẹ̀lé e.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà jí. Nígbà tóṣù ń parí lọ, Jọkẹ́ ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Becontree Heath nígbà tí fọ́tò kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Àwo méjì ni. Ọ̀kan kún fún àmì pupa, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó pe Dára lójú ẹsẹ̀.

"Èwo lo fún lóògùn?"

"The empty one. Ọ̀rá ni pupa yẹn, Mummy. They can't make it anymore."

"Ṣé wọ́n ti kú?"

"Rárá, wọ́n kàn rù ni."

Jọkẹ́ wo fọ́tò náà títí bọ́ọ̀sì fi kọjá. Ó rántí bí òrùka ìgbéyàwó ṣe ń yọ̀ bọ́ níka Bọ́ládé, nígbà tí nǹkan yìí ń sanra nínú rẹ̀.

"Má tíì pa wọ́n," ló wí. "Jẹ́ kí wọ́n rù dáadáa. Bàbá ẹ náà rù."