Ìbọn Tó Wà Nínú Aṣọ Òfì

Ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò yìn ló fọ́ ìyá mi lẹ́sẹ̀, ìyá mi nìkan ló sì ti tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n to ẹ̀ṣẹ̀ náà bó ṣe tẹ̀léra. Ẹni tó ń bínú tí kò to ọ̀rọ̀ rẹ̀, igbe lásán ló ń ké.

Ọwọ́ Uncle kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni mo ti ra ìbọn náà. Olè ti fọ́ ilé aládùúgbò wa ní Smyrna, ní Georgia nílẹ̀ Amẹ́ríkà níbí, ìyàwó mi sì wà nínú oyún. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Uncle ń kó kúrò nínú ilé ńlá wọn ní Conyers, wọ́n ń ta ẹrù. Ìbọn ìléwọ́ àtijọ́ ni, onírin dúdú, onídìí igi, irú èyí tó ní ihò ọta mẹ́fà tó ń yí po, tó sì ní òòlù kékeré lẹ́yìn. Mi ò ní parọ́: ẹwà rẹ̀ wà lára ohun tó mú mi.

Mo ti kà nípa rẹ̀ lórí fóònù kí n tó lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní yunifásítì nìyẹn, n kì í ra bàtà láìkọ́kọ́ kà nípa rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pe gbogbo irú rẹ̀ padà fún àtúnṣe ọ̀fẹ́. Wọ́n ní bí ọta bá wà nínú ihò tó kọjú sí òòlù, tí ìbọn sì já bọ́, ó lè dún fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì tún tirẹ̀ ṣe, kó fi ihò yẹn sílẹ̀ lófìfo.

Mo bi Uncle pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọ́n ti tún èyí ṣe?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ọmọ fóònù! Bí wọ́n bá gbé ẹ̀bà síwájú yín, ẹ ó kọ́kọ́ bi fóònù bóyá ó ti jinná. Mo ti ní i láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí mi. Ṣé ó pa mí?”

“Rárá sà.”

“Àbí èmi ni n ó ta ikú fún ọ? Tí o bá gbé e fún wọn, wọ́n á yọ inú rẹ̀ dànù, kò ní níyì mọ́. Ojúlówó ni bó ṣe wà yìí. Wá, jẹ́ ká gbàdúrà sí i.”

Wọ́n fi òróró kan ìdí igi rẹ̀, wọ́n ní kò ní ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ nílé mi. Mo ṣe àmín, mo dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn àmín yẹn, báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e lọ fún àtúnṣe? Ó dà bí ẹni ń sọ fún àgbàlagbà pé àdúrà wọn kò ká a.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. “Daddy, ọ̀fẹ́ mà ni wọ́n pè é o.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ gbọ́, ẹ ò ṣe é.”

“Kí ni kí n wí tí Uncle bá bi mí?”

“Ṣé Uncle ló ń sùn nílé yìí ni?”

Mo fi ihò kan sílẹ̀ lófìfo, mo ní ìyẹn tó. Nígbà tí olè tún fọ́ ilé mìíràn ládùúgbò, mo ki ọta bọ ihò kẹfà. Ẹnikẹ́ni kò rán mi níṣẹ́ yẹn.

Inú aṣọ òfì tí ìyá mi fi ránṣẹ́ nígbà ìgbéyàwó wa ni mo wé ìbọn náà sí, lókè pátápátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò fọwọ́ kàn án nínú ooru Georgia? Mo gbàgbé pé ìyá mi ń bọ̀ wá bá wa wẹ ọmọ, àti pé ìyá tó fún ọmọ ní òfì kò ní wọ ilé ọmọ náà kó má béèrè rẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn mú, wọ́n ní àwọn fẹ́ sá a, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Wọ́n gun àpótí, wọ́n fa aṣọ. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń po mílíìkì ọmọ, nígbà tí nǹkan já lulẹ̀, tí ìbọn sì dún.

Ọta náà ti gba ọrùn ẹsẹ̀ wọn kọjá. Orí ilẹ̀ ni mo bá wọn, wọ́n fi òfì náà di ojú ọgbẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni: “Má bínú, ọkọ mi. Ọwọ́ mi ló yọ̀. Mo ti ba nǹkan yín jẹ́.”

Uncle gbé ọsàn wá kí wọn. Wọ́n ní ká dúpẹ́ pé kì í ṣe orí.

Bí mo bá di ìyá mi lọ́wọ́ mú lọ sí balùwẹ̀, wọ́n ṣì ń bẹ̀ mí. Mi ò tíì sọ fún wọn pé mo ti kà á tẹ́lẹ̀ pé ìbọn náà lè dún fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, mo ń béèrè. Ẹ̀yin ilé-iṣẹ́, bí ẹ ti mọ̀ pé ohun tí ẹ ṣe lè dún fúnra rẹ̀, kí ló dé tí àtúnṣe rẹ̀ fi jẹ́ ti ẹni tó bá wù? Uncle, nígbà tí ẹ ń fi òróró kan igi yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò tíì tún un ṣe, àbí ẹ ò kàn fẹ́ mọ̀? Ìwọ ńkọ́, ọ̀mọ̀wé, tó kà á, tó yé ọ, tó tún ki ọta kẹfà bọ̀ ọ́: ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún ìyá rẹ pé kì í ṣe ọwọ́ wọn ló yọ̀? Yàrá kejì ni wọ́n wà. Dáhùn.