Búlọ́ọ̀kù Ìsàlẹ̀ Òkun

Àṣìṣe mi ni pé mo pè é ní búlọ́ọ̀kù. Bàbá mi ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà ní Ìdó-Ọ̀ṣun láti ìgbà tó ti kúrò ní Iléṣà, kò sì sí búlọ́ọ̀kù mìíràn láyé lójú tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé ilé iṣẹ́ kékeré tí mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ ń du búlọ́ọ̀kù kan nínú òkun lọ́wọ́ ìjọba, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Náìnì ínṣì ni àbí síìsì ínṣì?”

Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Mo ṣàlàyé fún un pé ìjọba ti pín ìsàlẹ̀ òkun bí ẹni pín púlọ́ọ̀tì ilẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì gba ìwé àṣẹ nìkan ló lè wá epo àti gáàsì níbẹ̀. Bí ó bá bọ́ sí i fún wa, wọ́n á gbà mí síṣẹ́ pátápátá, n ó sì wọ ọkọ̀ tó ń yẹ ìsàlẹ̀ òkun wò. Èmi tí odò Ọ̀ṣun gan-an ń bà lẹ́rù!

“Ṣé ẹnìkan ti rí epo náà?”

“Rárá, bàámi. Lẹ́yìn ìwé àṣẹ la ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.”

“Ìjọba ń ta búlọ́ọ̀kù tí ẹnikẹ́ni ò rí.” Ó mi orí. “Bí èmi bá ta irú ẹ̀, àtìmọ́lé ni n ó sùn.”

Òun ti bá mi rí iṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo lọ́wọ́ ọ̀gá kan. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà nílé, ọjọ́ Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kí n dá a padà. Ó ní a kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí fóònù bá dún, màá ta gìrì. Oníbàárà kan wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé mò ń lọ kọ́lé sínú òkun. Mo ní kó lọ bi ọmọ tirẹ̀. Ta ló tún tàn án kálẹ̀ bí kò ṣe bàbá mi?

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mò ń bomi rin búlọ́ọ̀kù tuntun nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé. Ìjọba ti fún wa! Mo ju rọ́bà omi nù, mo jó yí àgbàlá ká, ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ kan ilẹ̀. Mi ò tíì yọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá mi ń wò mí. “Bí epo ò bá wá sí níbẹ̀ ńkọ́?”

“Àwa la ó kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí.”

“Ohun tó lè má sí ló ń mú ọ jó báyìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wíwá a gan-an ló wù mí.”

Ó wọlé, ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì jáde tòun ti fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́, láìsí ìbuwọ́lù mi lórí rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ dá a padà fúnra mi.

“Rárá,” ó ní. “Àbúrò mi lọ́jọ́ orí ni ọkùnrin yẹn, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un kí n tó rí i gbà. Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ lo máa gbọ́ ohun tó máa sọ.”