Ọjọ́ Tí Mo Sá fún Oníṣègùn Ẹ̀yìn ní Òrè

Títí ayé ni n ó máa rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wọ ilé ìwòsàn, tí mo sì fi eré jáde.

Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Kòkó ti pọ́n lóko wa ní Odígbó, èmi kò sì lè nàró. Ìyàwó mi bẹ ìyá ìbejì àdúgbò pé kí ó bá mi tẹ ẹ̀yìn náà mọ́lẹ̀, nítorí àwa gbà pé ẹsẹ̀ ìyá ìbejì a máa wo ẹ̀yìn dídùn. Obìnrin náà sanra púpọ̀. Bí ó ṣe gun ẹ̀yìn mi báyìí, ìrora di méjì.

Ni wọ́n bá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Òrè. Ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló ń tọ́jú ẹ̀yìn níbẹ̀.

“Bàbá, ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ mí kanlẹ̀.”

Ó ti èjìká mi síhìn-ín, ó fa ìbàdí mi sọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn mi dún gbàkà!

“Yéè! Ó ti ṣẹ́ mi o!” Mo fò sílẹ̀, ó di ìta.

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá Fúnmi, ṣé ẹ̀yin tí a gbé wọlé lẹ ń sáré yẹn?”

Ọmọbìnrin náà yọrí lójú fèrèsé. “Bàbá, ẹ padà wá o! Ó ku ẹ̀gbẹ́ kejì.”

Mo padà, mo di ìyàwó mi mú gírígírí. Ọmọbìnrin náà ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì kọ́ mi ní eré ìdárayá tí mo ń ṣe láràárọ̀. Kòkó ọdún náà, èmi fúnra mi ni mo ká a.