Ẹni Tó Ń Múra àti Gun Kilimanjáró

Bí mo bá rí ẹni tó pọn báàgì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n màmá mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà n'Ìkìrun, ni mo ń rántí. Láràárọ̀ Sátidé, wọ́n á di iṣu sínú báàgì kó lè wúwo, wọ́n á pọ̀n ọ́n gun òkè ẹ̀yìnkùlé wọn, torí wọ́n fẹ́ gun Kilimanjáró, òkè tó ga jù lọ ní Áfíríkà, tí ẹnikẹ́ni kì í gùn láìgbàṣẹ. Wọ́n máa ń ní, "Òkè kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló mọ̀."

Kí ìwé àṣẹ tó dé, àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Èmi ni mo kà á sí wọn létí.

"Wọ́n ti gbà fún mi, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Ara mi ni ò gbà."

Títí wọ́n fi kú, wọn ò jẹ́ ká ṣí fèrèsé ẹ̀yìnkùlé mọ́.